Ìyátúndé Lórí Ìtàgé: Àyẹ̀wò Ijó Germaine Acogny Kan

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ni ó gbà pé inú ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ìrántí àwọn baba ńlá wa wà. A ń gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀, a ń tú oríkì wò. Ṣùgbọ́n bí akéwì bá dìde jó, ìwé wa ni à ń ká. Ijó kan tí mo wò nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní òkè òkun ni ó fi àṣìṣe yìí hàn mí.

Ijó náà ni À un endroit du début, tí Germaine Acogny kọ́kọ́ jó ní 2015, tí Mikaël Serre sì darí. Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni a ti bí obìnrin yìí ní 1944, ṣùgbọ́n Sẹ̀nẹ̀gà ni ó ti dàgbà. Níbẹ̀ ni ó ti darí ilé ẹ̀kọ́ ijó Mudra Afrique láti 1977 títí di 1982, tí ó sì dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw. Ìyá baba rẹ̀, Aloopho, jẹ́ abọrẹ̀ láàárín Yorùbá. Baba rẹ̀, Togoun Servais Acogny, di onígbàgbọ́, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba lábẹ́ àwọn Faransé. Síbẹ̀ ó kọ ìtàn ìyá rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé yìí ni ọmọ gbé lọ sórí ìtàgé. Ìyátúndé ni wọ́n ń pe ọmọ náà, òun sì ni Laure Malécot fi sọ fíìmù tí ó ṣe nípa rẹ̀ ní 2017.

Ẹ jẹ́ kí a ro orúkọ yìí dáadáa. Yorùbá kì í sọ ọmọ ní Ìyátúndé láti fi ṣe ìrántí olóògbé lásán, bí ìgbà tí a fi orúkọ òkú sọ títì ìgboro. Ohun tí ó wí ni pé ẹni tí ó lọ ni ó dé. Nígbà tí Acogny bá ń bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, ta ni ń sọ̀rọ̀ gan-an? Bí ọmọ ni, ẹ̀sùn ni ó fi ń kan baba; bí ìyá ni, ó padà wá bá ọmọ tí ó fi òrìṣà rẹ̀ sílẹ̀ wí ni. Ohun tí ó wú mi lórí jù lọ ni pé ijó náà kò yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Nínú ẹ̀kọ́ ijó Acogny, eegun ẹ̀yìn ni orísun gbogbo ìṣíkiri ara, bí igi, bí ejò. Àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá. Ẹni ọdún 71 ni nígbà náà. Ara àgbàlagbà ni à ń wò, tí ọmọdébìnrin sì ń yọjú nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà tí n kò ti bá wọn lọ. Wọ́n mú ìtàn Medea, obìnrin inú ìtàn Gíríìkì tí ó pa àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́ mọ́ ọn. Ẹnìkan lè wí pé Medea pẹ̀lú jẹ́ àjèjì nílẹ̀ onílẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Medea fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ìran rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìran tí kò gé ni Ìyátúndé. Mo fura pé nítorí àwọn òǹwòran Yúróòpù ni wọ́n ṣe fi í sí i, kí wọ́n lè rí ohun tí ojú wọn mọ̀.

Èdè Faransé ni baba fi kọ ìtàn ìyá rẹ̀, òun náà ni a sì fi kà á fún wa. Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ ohùn Aloopho nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dákẹ́ ìwé kíkà, tí ó jó, ni mo tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.