Egungun Murambi àti Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ ní Kíláàsì

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ka ìwé Ṣóyínká tó ń jẹ́ The Burden of Memory, the Muse of Forgiveness, èyí tó jáde lọ́dún 1999, ẹ ó rántí ọjọ́ tí a fa ọ̀rọ̀ lórí egungun. Ìwé Boubacar Boris Diop lórí Murambi la kà pọ̀ mọ́ ọn. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé orílẹ̀-èdè tó bá to agbárí àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò lè máa wò ó, òkú ló ń fi ṣòwò. Mo ní nílẹ̀ tiwa, òkú kì í ṣe ohun tí a ń pàtẹ; ńṣe là ń bò ó, tí a sì ń sin ín. Ọ̀kan nínú yín dìde, ó ní, "Prof, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọgbọ́n àgbà darí ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn. N kò débẹ̀ rí.

Mo ti débẹ̀ báyìí. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ìdajì ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà kò dáa, mo sì fẹ́ gbà á padà lójú gbogbo yín. Ìdajì tó kù, mo ṣì dúró lórí rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni ìrìn àjò náà gbà. Bọ́ọ̀sì kan ló kó wa, afinimọ̀nà sì ń dúró dè wá ní ibi kọ̀ọ̀kan. A lọ sí Gisozi ní Kigali, a lọ sí Ntarama àti Nyamata, a sì lọ sí Murambi ní gúúsù lọ́jọ́ kejì. Lọ́dún 2023, àjọ UNESCO fi Gisozi, Nyamata, Murambi àti Bisesero sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé, nítorí náà àwọn tí yóò máa lọ síbẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni. Mo fẹ́ ka àwọn ibi yìí bí a ti ń ka ìwé: kí ni wọ́n sọ, báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́, kí sì ni wọ́n fò dá?

Fún ẹni tí ìtàn náà kò yé dáadáa: ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1994, wọ́n já ọkọ̀ òfuurufú tó gbé Ààrẹ Habyarimana lulẹ̀. Láàrin nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pa àwọn Tutsi nípakúpa, àtàwọn Hutu tí kò gbà láti lọ́wọ́ sí i. Àwọn onímọ̀ kan ní iye àwọn tó kú kò dín ní 500,000, àwọn mìíràn ní 800,000. Ìjọba Rùwáńdà ní ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ìpẹ̀yàrun là ń pe irú rẹ̀, torí pé kì í ṣe ogun láàrin jagunjagun sí jagunjagun. Wọ́n ń wá ọmọ ọwọ́ jáde láti pa.

Gisozi la kọ́kọ́ lọ. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣí i, àwọn tí wọ́n sin sí ọgbà ibẹ̀ sì lé ní 250,000. Tí a bá pè é ní ìwé, ìwé tí wọ́n kọ dáadáa ni. Kò jẹ́ kí àlejò sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tí àwọn oníròyìn òyìnbó ń sọ nígbà náà, pé ọ̀tá àtọdúnmọ́dún ni ẹ̀yà méjèèjì. Ó fi hàn bí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ṣe kọ orúkọ ẹ̀yà sínú káàdì ìdánimọ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ó fi ìwé ìròyìn Kangura hàn, èyí tó tẹ "òfin mẹ́wàá" ìkórìíra jáde ní oṣù Kejìlá 1990. Ó sọ nípa rédíò RTLM tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, tó ń pe èèyàn ní aáyán. Ẹni tó bá rìn ín já á mọ̀ pé ìpakúpa náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n gbèrò, wọ́n náwó sí i.

Àmọ́ ìtàn náà dán jù lójú mi. Bí o ṣe ń jáde nínú yàrá kan lo ń bọ́ sínú èkejì, ohun gbogbo tò tẹ̀ léra, ó sì parí síbi tí wọ́n fẹ́ kó parí sí. Yàrá àwọn ọmọdé nìkan ló dá mi dúró. Fọ́tò ọmọ kan nìyẹn, ńlá. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà, ọjọ́ orí rẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni bí wọ́n ṣe pa á. Kò ju ìlà mélòó kan lọ. Kò sí orin, kò sí àlàyé. Mo ti ń kọ́ èèyàn ní lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tó báyẹn.

Ntarama àti Nyamata, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ní Ntarama, wọ́n ní nǹkan bí 5,000 èèyàn ni wọ́n pa síbẹ̀. Aṣọ wọn ṣì wà níbẹ̀, àti ìkòkò, abọ́ àti ṣíbí wọn. Ṣé ẹ rí ìkòkò yẹn, òun ló yẹ kí a wò dáadáa. Àwọn èèyàn yìí gbé ìkòkò dání torí wọ́n rò pé àwọn á gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń pa Tutsi láwọn ọdún tó ti kọjá, ẹni tó bá sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì sábà máa ń yè. Lọ́dún 1994, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti wá bá wọn. Ìkòkò kan ṣoṣo sọ èyí ju bí ojú ìwé mẹ́wàá ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ní Nyamata, ihò kéékèèké tí gírínéèdì lu sí páànù òrùlé ṣì wà, oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Aṣọ ni wọ́n kó jọ sórí àwọn bẹ́ǹṣì, òkìtì òkìtì. Àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lé ní 45,000. Níta ni sàréè obìnrin ará Ítálì kan wà, Antonia Locatelli. Lọ́dún 1992, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi ní agbègbè náà, obìnrin yìí pe àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè, ó ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ọdún méjì gbáko kó tó di 1994! Ẹni tó bá ní ayé kò gbọ́, kó wá wo sàréè yẹn.

Ibẹ̀ náà ni ohun tó dùn mí jù nínú ìrìn àjò yìí ti ṣẹlẹ̀. Afinimọ̀nà wa, arábìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Kò yára, kò sunkún. Ni ọkùnrin kan nínú wa bá bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà nígbà náà?" Arábìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀." Ó ṣáájú, a tẹ̀ lé e wọ ibi tí agbárí wà.

Èmi rò ó títí. A sanwó mọ́tò, a wá rò pé ìrora ẹni tó ń fọ̀nà hàn wá wà nínú ohun tí a sanwó fún. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó yè bọ́ ni, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa kú lójúmọ́ kí àlejò tó gbà pé òótọ́ ni? Àléébù tí mo rí lára ìrìn àjò tí wọ́n ń darí báyìí nìyẹn: ó ń pọ ẹlẹ́rìí àti òṣìṣẹ́ pọ̀ sára ẹnì kan ṣoṣo, kò sì fún un ní ilẹ̀kùn tó máa gbà jáde. Arábìnrin yẹn ṣe ilẹ̀kùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo kí i.

Murambi ló kẹ́yìn. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn kò tíì kọ́ parí ni. Wọ́n ní kí àwọn Tutsi lọ kóra jọ síbẹ̀, pé ààbò wà. Wọ́n gé omi mọ́ wọn lẹ́nu. Ní ìdájí ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1994 ni wọ́n wọlé tọ̀ wọ́n. Ibi ìrántí náà ní àwọn tó kú tó 50,000. Lára àwọn òkú tí wọ́n hú padà, wọ́n fi láìmù tọ́jú wọn kí wọ́n má baà jẹrà. Wọ́n funfun bí ẹfun. Èyí gbé ọwọ́ bojú. Èyí kéré púpọ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmì kan wà níta níbẹ̀ tó ń sọ pé ibí ni àwọn ọmọ ogun Faransé ti ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pabùdó síbẹ̀ lẹ́yìn ìpakúpa náà. Gbogbo ẹgbẹ́ wa mi orí. Ó rọrùn láti bínú sí Faransé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin yẹn ń rọ́ lù mí lórí, torí mo mọ ọjọ́ náà láti ibòmíràn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò láti dín àwọn ọmọ ogun wọn ní Rùwáńdà kù sí 270. Kò sí ẹni tó ta kò ó. Nàìjíríà sì jókòó sínú ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn. Lóòótọ́, aṣojú wa, Ibrahim Gambari, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń wí pé kí wọ́n fi kún àwọn ọmọ ogun ni. Síbẹ̀, nígbà tí ìbò dé, ọwọ́ wa gòkè pẹ̀lú tàwọn yòókù. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́. Afinimọ̀nà kò sọ èyí fún wa. Bóyá ó ń bọ̀wọ̀ fún àlejò ni. Àmọ́ mo débẹ̀ bí àlejò, mo sì jáde bí ẹni tí wọ́n dárúkọ ilé rẹ̀ níbi ẹjọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí wọn kò sọ. Wọ́n sọ fún wa pé ọmọ ogun RPF ló dá ìpẹ̀yàrun náà dúró, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé ńlá tí Alison Des Forges kọ fún Human Rights Watch lọ́dún 1999, tó jẹ́ ẹ̀rí tó le jù lòdì sí àwọn apààyàn náà, kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọmọ ogun RPF pa àwọn ará ìlú. Èyí kì í ṣe ìpẹ̀yàrun kejì, n kò sì ní fi wé e. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìyẹn kàn kò ní ibi tí wọ́n ti lè sunkún ní gbangba. Òfin ibẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí le, nítorí náà ẹ má di ẹrù yẹn lé afinimọ̀nà lórí. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ egungun. Ibi tí mo ti ṣì í rèé. Mo rò pé àlejò ni wọ́n torí rẹ̀ pàtẹ egungun. Àwọn tó ń sẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n torí rẹ̀ pàtẹ́ ẹ, àwọn tó ń sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ibi tí mo ṣì dúró sí nìyí: àwọn apààyàn kọ́kọ́ gba orúkọ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n sọ ọ́ di aáyán kí wọ́n tó gba ẹ̀mí rẹ̀. Agbárí tí kò lórúkọ kò tíì gba orúkọ yẹn padà. Yàrá àwọn ọmọdé ní Gisozi ló dá a padà fún wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e lékè gbogbo ohun tí mo rí.

Mo sọ èyí fún ara mi ní Murambi, mo sì rò pé mo ti borí àríyànjiyàn ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló yé mi: ta ni yóò dárúkọ wọn? Bàbá, ìyá, ọmọ àti aládùúgbò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pa wọ́n. Fọ́tò ọmọ máa ń wà níbi tí ìbátan kan ti yè tó mú fọ́tò wá. Òkú aláìlórúkọ kì í ṣe àbùkù àwọn tó ṣètò Murambi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wo ilé tiwa. Ní Umuahia, a ní Mùsíọ́ọ̀mù Ogun, láti ọdún 1985. Ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ìbọn ló kún ibẹ̀. Níbo ni orúkọ àwọn tí ọmọ ogun ìjọba pa ní Asaba ní oṣù Kẹwàá 1967 wà níbẹ̀? Irin la tọ́jú. Mo fi ẹnu mi bú àwọn tó tọ́jú èèyàn.

Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ náà, bí o bá ka èyí, mo ti débẹ̀. Bí ìwọ náà bá fẹ́ lọ, má ṣe bi afinimọ̀nà níbi tó wà lọ́dún 1994. Bi ara rẹ níbi tí àwa wà.