Ọgbọ́n Àtinúdá nínú Aṣọ Ìbora Alárànpọ̀ Gee's Bend

Nígbà tí ilé ọnà Whitney ní New York pàtẹ aṣọ ìbora alárànpọ̀ àwọn obìnrin Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọdún 2002, ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ fi wọ́n wé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán òde-òní. Ìyìn ni èyí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a rí ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí Missouri Pettway rán ní ọdún 1942. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó tú àwọn aṣọ iṣẹ́ olóògbé náà, ó sì fi ìrépé wọn rán aṣọ tí yóò máa fi bora. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ló ń pinnu bí ilà irú aṣọ báyìí yóò ṣe gùn tó. Ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ a sì máa ṣú ju ibi tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà. Ojú aṣọ ni aránṣọ ń wò kí ó tó gé e, kì í ṣe bátànì.

Robert Farris Thompson ti so irú ilà àìdọ́gba báyìí mọ́ aṣọ híhun àwọn Mande. Àwa tí a mọ ẹ̀kú egúngún náà lè fẹ́ sọ pé tiwa ni. (Èmi pàápàá ti sọ bẹ́ẹ̀ rí ní kíláàsì.) Ṣùgbọ́n ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí ìtàn. Bí a bá yára gba iṣẹ́ yìí fún àwọn baba ńlá, a ti gbà á lọ́wọ́ opó tí ó rán an. Aṣọ ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ló sì pinnu ibi tí ìrépé kọ̀ọ̀kan yóò wà.