Ìwọ̀n Ehoro Ilé
Flemish Giant, ehoro ńlá ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, máa ń ju kílò 6 lọ, ṣùgbọ́n egungun ló kọ́kọ́ ń nà, ẹran ara rẹ̀ kì í tètè kún. New Zealand White, ẹ̀yà ehoro mìíràn tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un jáde, lè tó kílò 2 láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 bí oúnjẹ bá pé. Nínú títọpa irú ìyàtọ̀ ìdàgbà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ olùsìn tó mọṣẹ́ ti wuni: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn ehoro tó jẹun àárọ̀, a gbé ọmọ ehoro kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, a fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ wò, a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ọmú máa ń fúyẹ́, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́. Nítorí náà, ìwé àkọsílẹ̀ ìwọ̀n tí kò bá ka iye ọmọ inú ìtẹ́ kò lè fi ẹ̀yà kan wé èkejì.