Ojú Lọ̀rọ̀ Wà
Ní ọjà Sábó, ní Yábàá, ìyá aláta kì í dúró kí oníbàárà lanu kó tó mọ irú ẹni tó dé. Ó ti wo ojú rẹ̀, ó sì ti mọ ẹni tó fẹ́ rà yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń bèèrè. Irú ojú bẹ́ẹ̀ làwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo ènìyàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mo sì kan sáárá sí wọn.

Ẹ wo Charlotte Brontë nínú Jane Eyre (1847). Rochester, ọ̀gá Jane, múra bí obìnrin woṣẹ́woṣẹ́. Jane na ọwọ́ sí i, woṣẹ́woṣẹ́ náà ní kádàrá kò sí ní àtẹ́lẹwọ́ yẹn, kí ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, kó gbé orí sókè. Ojú Jane kún fún ìmọ̀lára, ẹnu rẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rín, àmọ́ iwájú orí rẹ̀ ń tako àwọn méjèèjì: òun lè dá gbé. Ojú kan ṣoṣo, ó ń bá ara rẹ̀ jà! Bí Rochester sì ṣe ń ka ojú Jane, bẹ́ẹ̀ la ń rí ìfẹ́ tó wà lọ́kàn òun fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ Dickens le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Uriah Heep, nínú David Copperfield, kò ní irun ìpéǹpéjú. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ débi pé David ń rò ó bó ṣe ń rí oorun sùn.

Lóòótọ́, ìrísí lè tan ni jẹ. Àmọ́ Fágúnwà náà mọ ọnà yìí: ojú mẹ́rìndínlógún ló fún Agbákò, ẹ̀dá abàmì inú ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn Yorùbá lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fún wa lójú tí a lè kà.