Àgùdà: Àlejò Tí Orúkọ Rẹ̀ Di Orúkọ Ìjọ

Bí a bá bi àgbàlagbà kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré pé irú ìjọ wo ni àwọn Kátólíìkì ń ṣe, yóò dáhùn pé, "Ìjọ Àgùdà ni." Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi béèrè ẹni tí ó ń jẹ́ Àgùdà. Kì í ṣe orúkọ ẹni mímọ́, kì í sì í ṣe orúkọ póòpù. Orúkọ àwọn àlejò kan ni: àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà, tí àwọn àti ọmọ wọn padà sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Àléébù kan wà nínú bí a ṣe máa ń pa ìtàn ìjọ yìí. Orí àlùfáà òyìnbó ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀: Fáda Borghero, tí ó bẹ Èkó wò ní ọdún 1863, àti Fáda Bouche, tí ó wá jókòó síbẹ̀ ní ọdún 1868. Òótọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó gé orí ìtàn ni. Kí àlùfáà kankan tó wá gbé Èkó, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí, ti ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. A kò fi í joyè àlùfáà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó fún un lóyè náà. Èdè Potogí ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Nítorí náà, ìjọ ni ó ṣáájú àlùfáà, kì í ṣe àlùfáà ni ó ṣáájú ìjọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé fún Ọlọ́run, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lázaro Borges da Silva tí ó jẹ́ bíríkìlà àti Francisco Nobre tí ó jẹ́ káfíńtà wà lára àwọn tí ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àtijọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1878. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ èyí tí ó tóbi jù ú lọ, ní àwòṣe ti Yúróòpù. Àwọn kan yóò ní ìjọ ti pọ̀ sí i, ilé sì gbọ́dọ̀ gbà wọ́n. N kò jiyàn. Ohun tí mo ń bá wí ni pé bí ilé ti ń tóbi ni ìrántí àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ ọ́n ń kéré. Ilé Ìlọ́jọ̀, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba sì sọ di ilé ìrántí ní ọdún 1956, ni a wó palẹ̀ ní ọdún 2016.

Ṣé ti Èkó nìkan ni? Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ òyìnbó àlejò tí wọ́n gbé bọ̀ wá kí ọba. Ní ọdún 1924, ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ní Wembley. Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yẹ́, láti ọdún 1947, Fáda Kevin Carroll fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé àwọn ọmọ ọlọ́nà lọ́wọ́: Bándélé ọmọ Àréògún, àti Lámídì Fákẹ́yẹ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Ìgbésẹ̀ yẹn ni mo kà sí ìdájọ́ tí ó tọ́, nítorí ó gbà pé ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ṣe é, láìbéèrè ibi tí ó ti wá.

"Àlejò lójú, kò fi ríran," ni a máa ń wí. Àwọn Àgùdà lójú, wọ́n sì fi ríran, nítorí ọmọ tí ó ń bọ̀ wálé ni wọ́n. A ti fi orúkọ wọn pe ìjọ tó odindi ìlẹ̀ Yorùbá. Ó kù kí a sọ fún ọmọ wa ẹni tí ó ni orúkọ náà.