Kọ́kọ́ Bi Ìyàtọ̀ Léèrè

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló sọ mí di oníṣirò owó, n kò ní dárúkọ ilé ìwé kankan. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn n'Ìbàdàn ni, nínú ọ́fíìsì kékeré kan ní Òkè-Bọ́lá tí ìwé lẹ́jà ti gba gbogbo ara ògiri. Mo ti yege ìdánwò ICAN láti ìgbà náà, mo ti jókòó sí ọ́fíìsì tó tóbi ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn ni mo fi ń jẹun títí dòní.

Ọ̀rọ̀ Olóyè Akintola Williams kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀gá wa. Ní 1949 ni Olóyè di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gboyè chartered accountant. Ní 1952, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tí òfin sì dá ICAN sílẹ̀ ní 1965, àwọn ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni ọdún 104 ni wọ́n nígbà tí wọ́n kú ní 2023. Ohun tí ọ̀gá wa máa ń fi ìtàn yìí fà yọ ni pé iṣẹ́ àtọwọ́dọ́wọ́ niṣẹ́ wa: ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ jókòó tì ọ́ kí o tó mọ̀ ọ́n.

N kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì. Ibi tí iṣẹ́ ti ń dán ọmọṣẹ́ wò ni ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì trial balance bá kọ̀ láti dọ́gba. Ọmọṣẹ́ a fẹ́ padà sójú ìwé kìíní, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá wa a gbé ọwọ́ lé lẹ́jà náà. "Má tíì ṣí i. Kọ́kọ́ bi ìyàtọ̀ léèrè."

Wọ́n gbà pé bí ẹran ṣe ń fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún ọdẹ ni àṣìṣe ṣe ń fi ipa sílẹ̀ nínú iye tí ẹ̀gbẹ́ kan fi ju èkejì lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́: fi 2 pín in. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦1,260, wá ₦630. Owó tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òdì ti kúrò níbi tó yẹ kó wà, ó tún ti lọ wúwo níbòmíràn, ìdí nìyẹn tó fi ń farahàn ní ìlọ́po méjì.

Ìbéèrè kejì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù: fi 9 pín in. Bí kò bá ṣẹ́ ku, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ akọ̀wé ti gbé nọ́ńbà kan ṣíwájú èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n débẹ̀, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ọ̀gá wa kì í dúró. Ìdáhùn ìpín náà gan-an ni wọ́n ń kà.

Mo rántí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá ọlọ́jà kan. Iná ti lọ, a tan àtùpà, ₦4,500 sì ni owó inú káṣì fi ju àpapọ̀ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Akọ̀wé wọn ti ń bẹ̀ wá pé ká kàn fi sí suspense ká lè máa lọlé. Ọ̀gá kọ 4,500 sẹ́yìn àpòòwé, wọ́n fi 9 pín in, ó di 500. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà. Bóyá ẹnìkan san ₦5,000 tí wọ́n kọ ọ́ ní ₦500. Kò sí ₦500 kankan lójú ìwé náà. Ó ku ọ̀nà kejì: 5 yẹn ń sọ pé nọ́ńbà méjì tó pààrọ̀ ààyè, ọ̀kan fi 5 ju èkejì lọ, òdo méjì ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ pé ààyè ẹgbẹ̀rún àti ti ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti pààrọ̀. "Má wo gbogbo rẹ̀. Níbi méjì yẹn, wá 1 àti 6, 2 àti 7, 3 àti 8, 4 àti 9." Mo fi ìka tọ ìwé náà wálẹ̀, mo bá ₦3,800. Ìwé gbígbà owó sọ pé ₦8,300 ni ìyá náà san.

Ká ní a gba ti akọ̀wé ni, ìyá yẹn ìbá pàdánù ₦4,500 òógùn ojú rẹ̀.

Ìdí rèé tí ara mi kì í gbà á bí mo bá rí àwọn tó ń ju ìyàtọ̀ sínú suspense tí wọn kì í padà dé ibẹ̀ mọ́, tàbí tí wọ́n ń hùmọ̀ iye tí yóò mú ìwé dọ́gba. Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ti parí ìyẹn. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà kì í gba ohun tí kò bá dọ́gba. Ṣùgbọ́n tẹ 3,800 dípò 8,300 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọjọ́ tí o bá gbé ìwé báńkì kò ó ni ìyàtọ̀ yóò tó yọjú, 9 ni yóò sì bá ọ wá a. Bí àṣìṣe méjì bá wọnú ara wọn, 9 pàápàá lè ṣini lọ́nà. Sùúrù nìkan ló kù nígbà náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ́fíìsì, ẹ gba ọmọṣẹ́. Kí ẹ tó fún un ní kọ̀ǹpútà, ẹ fún un ní ìwé kan tí kò dọ́gba, ẹ jókòó tì í, kí ẹ má sì sọ ìdáhùn fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń há ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sórí, ìwé ẹ̀rí yóò mú yín wọlé, ṣùgbọ́n owó olówó ni wọ́n ó kó lé yín lọ́wọ́. Ẹ wá ọ̀gá tí yóò kọ́ yín.