Ọwọ́ Ló Ń Ríran ní Molútẹ̀hìn

Ẹni tó bá ń wá iyùn inú òkun, kó má wulẹ̀ gba ọ̀nà Molútẹ̀hìn. Àwọn tọkọtaya tó ń lo ìsinmi wọn ní Zanzibar tàbí létí Òkun Pupa ní Íjíbítì mọ ohun tí wọ́n ń lọ wò: omi tó mọ́ gaara, àpáta iyùn, ẹja aláwọ̀ mèremère tó ń lọ tó ń bọ̀ níwájú wọn. Láti ìgbà tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ti ṣe ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń mí lábẹ́ omi lọ́dún 1943 ni ọ̀nà ibẹ̀ ti là fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó tó sì láyà. Omi mímọ́ ni iyùn tó ń kọ́ irú àpáta bẹ́ẹ̀ sì nílò. Ewéko tíntìntín kan wà nínú ara rẹ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún un. Bí ẹrẹ̀ bá bo oòrùn mọ́ ọn lójú, ó kú nìyẹn.

Ẹrẹ̀ ló sì ni etíkun Ìlàjẹ, níbi tí Molútẹ̀hìn wà. Yanrìn tí ìgbì ń wọ́ bọ̀ láti ìhà Bàdágírì àti Èkó kì í dé ibẹ̀ tán. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé àfonífojì jíjìn kan tó wà lábẹ́ òkun lọ́wọ́ Màhìn ló ń gbé e mì. Láti ibẹ̀ lọ sí ẹnu odò Benin, etí òkun kò ní yanrìn tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí. Tí ẹ bá ki ẹsẹ̀ bọ ilẹ̀, ó lè mu yín dé orúnkún. Omi rẹ̀ pọ́n bí ògì bàbà. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, ẹ kò ní rí ìka yín mọ́.

Ìsinmi ni èmi àti ìyàwó mi torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní Ìgbókòdá, a sì lo ìsinmi náà lọ́dọ̀ tọkọtaya mìíràn, bàbá kan tó ń pẹja àti ìyá kan tó ń yan án. Ó dá mi lójú pé kò sí ohun tí a lè rí lábẹ́ omi mímọ́ tó lè jọ mí lójú tó ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Kí bàbá tó na àwọ̀n, ọ̀pá ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Ọ̀pá náà gùn, ibi tí ọwọ́ ń dì mú lára rẹ̀ sì ti dán. Ẹni tó ń wò wọ́n lókèèrè yóò ní ọkọ̀ ni wọ́n fi ń tì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ òsì wọn dáadáa. Ọ̀tún ló ń ti ọ̀pá. Òsì kàn rọra yí i ká ni, kò fún un, kí ohun tí ìdí ọ̀pá bá pàdé nísàlẹ̀ lè gba inú igi gòkè wá bá àtẹ́lẹwọ́. Ẹrẹ̀ rírọ̀ a máa fa ọ̀pá mu, kì í fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀ bọ̀rọ̀. Amọ̀ líle a dá a dúró láìfọhùn. Gbòǹgbò igi a ta á padà díẹ̀. Ohun kẹrin wà tó máa ń dún kò sí wọn lọ́wọ́, tí bàbá bá sì ti gbọ́ ọ, wọn a yí orí ọkọ̀ padà kíá.

Òpó ilé ni.

Molútẹ̀hìn tí a sùn sí kọ́ ni Molútẹ̀hìn tí wọ́n bí bàbá sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ìlú náà àti Awóyè tó múlé tì í. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ní àwọn ọdún 1970, omi iyọ̀ rí àyè wọ inú ẹrẹ̀ tí omi odò ń gbé tẹ́lẹ̀. Igi tí kò lè mu iyọ̀ kú, ilẹ̀ tí gbòǹgbò wọn dì mú sì tú. Àwọn ará ìlú ń sún ilé sẹ́yìn, òkun ń tẹ̀ lé wọn. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé sí níbẹ̀. Pákó àti páànù ṣeé tú kó lọ, ṣùgbọ́n òpó tó ti wọlẹ̀ jìn kì í ṣeé fà tu. Bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò kan ṣe kù sábẹ́ omi, tí ó ku ìdí ilé nìkan.

Òpó wọ̀nyí ni ọ̀tá àwọ̀n. Òun náà ni ẹja sì fẹ́ràn jù. Ìkarahun a lẹ̀ mọ́ ọn, edé àti akàn a fara pamọ́ sí ìdí rẹ̀, ẹja tó tóbi jù wọ́n lọ a sì wá wọn wá. Iṣẹ́ tí àpáta iyùn ń ṣe fún ẹja lókè òkun, ilé tó rì ló ń ṣe é níbí. Àwọn apẹja orí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin mọ àṣírí yìí tipẹ́, tí wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi, tí wọ́n ń pè é ní àkàjà, kí ẹja lè fi ṣe ibùgbé. Àwọn mọ̀ọ́mọ̀ rì í ni. Ti Molútẹ̀hìn, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ọgbọ́n bàbá wá kù sí kí àwọ̀n sún mọ́ òpó tó kí ẹja lè kó sí i, kó má sì sún mọ́ ọn débi tí yóò fi ya. Wọn kò rí òpó, wọn kò rí ẹja. Àdúgbò ni wọ́n ń rántí. Bí a ṣe ń lọ ni wọ́n ń tọ́ka sí orí omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń sọ ilé ta ni, ibo ni afárá gbà, ibo ni wọ́n ti máa ń sá ẹja. Tí wọ́n bá wá na àwọ̀n tán, okùn rẹ̀ kì í kúrò láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbì ló fà á, okùn a le díẹ̀díẹ̀, a sì dẹ̀ padà. Ẹja a ta á pín-ín, pín-ín. Tó bá jẹ́ òpó ló gbá àwọ̀n mú, kò ní ta, kò sì ní dẹ̀, okùn a kàn wúwo. Ibi tí ọ̀dọ́ yóò ti fi agbára fà á, bàbá a jọ̀wọ́ rẹ̀, wọn a tu ọkọ̀ yí òpó náà po, wọn a sì gbé àwọ̀n kúrò láti òdìkejì bó ṣe kọ́ ọ. Mo wo àwọ̀n náà nígbà tí a dé ilé. Ibi tó ti ya tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n hun padà pọ̀, ṣùgbọ́n ojú tuntun àti ojú àtijọ́ dọ́gba; àwọ̀ náílọ́ọ̀nù nìkan ló fi wọ́n hàn.

Ẹja ṣawá ló pọ̀ jù nínú ohun tí ìyá gbà lọ́wọ́ bàbá. Ó lọ́ràá, ó léegun, ó sì tètè ń bàjẹ́, kò gba ìmẹ́lẹ́. Ìyá tò ó sórí àwọ̀n onírin, orí kan ìrù, kò sí èyí tó gun èkejì. Iná tó le díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un kí awọ rẹ̀ lè gan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa igi jáde, tí wọ́n fi èéfín nìkan sílẹ̀. Èéfín náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lajú nínú ilé ìyanja. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Òróró tó ń kán sórí ẹyin iná a máa dún ṣàà, ṣàà. Tó bá ti ń yára jù, iná ti pọ̀ nìyẹn, tó bá sì ti ń jìnnà síra, ó tó láti yí i. Ìyàwó mi jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá kò ṣàlàyé púpọ̀. “Ìyàwó, mú ọwọ́ rẹ wá,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ọrùn ẹja kan, wọ́n tún fi tẹ òmíràn. Èkíní ṣì ń rọ̀ nínú. Yóò hu kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Èkejì ti le dé eegun.

Ẹja tó ti jinná báyìí ni ìyá ń dì sínú apẹ̀rẹ̀ fún ọjà Ìgbókòdá. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ ọwọ́ lásán, nítorí ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ omi lọ wo iyùn yóò rí olùkọ́, yóò rí ìwé, yóò sì gba ìwé ẹ̀rí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó ní àwòrán ìsàlẹ̀ omi Molútẹ̀hìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá bàbá wa ọkọ̀ kò gbé àdúgbò tó rì yẹn rí. Ilé kọ̀ọ̀kan ni bàbá ń fi ọ̀pá kọ́ ọ, wọn a tẹ̀ ẹ́ dúró lórí òpó kan, wọn a bi í pé ilé ta ni. Ó ti ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n gbà wá sí, ìlà kejì ni nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Òun ló wà níwájú báyìí, ọmọ náà sì ti ka iye òpó rẹ̀ sórí.